Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Ẹbí Olówó sí Kánfáàsì Kékeré, ní Ìlànà Àwọn Ayàwòrán London

Láti nǹkan bí ọdún 1725 ni àṣà kan ti gbòde láàárín àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dípò kí bàbá ilé nìkan dúró gbọnrangandan nínú àwòrán tó ga tó èèyàn, wọ́n á pe ayàwòrán kó kó gbogbo ẹbí jọ sójú kánfáàsì kan tí kò fẹ̀ ju tábìlì ìkọ̀wé lọ: bàbá, ìyá, ọmọ, àbúrò ìyàwó, àlejò, títí kan ajá. Kálukú á sì wà lẹ́nu nǹkan tó ń ṣe. Ẹnìkan ń bu tíì, ẹnìkan ń ta káàdì, ọmọdé kan ń fa ajá létí. Conversation piece ni wọ́n ń pè é. Philippe Mercier wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé London. William Hogarth, Gawen Hamilton, Arthur Devis, Thomas Gainsborough nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, àti Johan Zoffany ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí a ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ títí dòní.

Ẹni tó bá ti lè ya orí èèyàn kan kó jọ ẹni tó ni ín la kọ ìlànà yìí fún. Àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Orí mẹ́fà tó jọ àwọn tó ni wọ́n lè wà lójú kánfáàsì kan kí wọ́n má bá ara wọn tan rárá. Kálukú á kàn máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àlàfo tó wà láàárín ẹnìkan sí ẹnìkejì ni iṣẹ́ wà: ọwọ́ tó nà sí ọwọ́, ẹni tó ń wo ẹni. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ fi jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kí ọ̀dà tó kan kánfáàsì.

Àdéhùn

Ẹ jẹ́ kí owó tẹ̀ lé iye orí. Kánfáàsì tó fẹ̀ díẹ̀ sí i kò ní gba àkókò yín; orí kan tó lé ni yóò gbà á. Ọmọdé kò dín owó, nítorí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ajá lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí kan. Ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Hogarth ń ṣe: ní oṣù kìíní ọdún 1731, ó kọ orúkọ àwọn àwòrán tó wà nílẹ̀ tí kò tíì parí, ó sì kọ ọ́ sókè ìwé náà pé òun ti gba ìdajì owó wọn. Ìwé yẹn fi ewu iṣẹ́ yìí hàn. Orí pọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀, iṣẹ́ sì ń ṣẹ́ jọ. Hogarth fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé owó inú rẹ̀ kò tó bọ́ ìdílé òun, ó sì yíjú sí àwòrán tó ṣeé tẹ̀ jáde lọ́pọ̀.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó máa wọ inú àwòrán, aṣọ tí oníkálukú máa wọ̀, àti ọjọ́ tí aṣọ náà máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ ọ́ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì péré ni owó náà kó mọ́ra. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ìyá ilé ń retí ọmọ, tàbí bóyá ìgbéyàwó kan ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tí wọ́n bá fi kún un lẹ́yìn tí ètò ti tò tán ló máa ń ba àwòrán jẹ́, torí ibikíbi tẹ́ ẹ bá fi í sí, yóò máa dà bí ẹni tó ṣèèṣì yà wọlé. Bí wọ́n bá sọ pé nǹkan kan lè yí padà, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́ bo ibẹ̀ kó lè dúró bí àwòrán tó pé bí nǹkan náà kò bá tilẹ̀ dé. Gainsborough kò ṣe èyí nínú àwòrán Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Andrews, tó yà ní nǹkan bí ọdún 1750. Itan ìyàwó náà ṣófo títí dòní: àyè nǹkan kan wà níbẹ̀, kò sì yà á parí.

Ẹbí á tún máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi olóògbé kún un. Ó ṣeé ṣe. Ní 1732 Hogarth ya ìdílé Cholmondeley lẹ́yìn tí ìyàwó ilé ti kú. Ó fi í jókòó sáàárín àwọn tirẹ̀, ó wá ya àwọn áńgẹ́lì ọmọdé tó ń fò lókè orí rẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó lè mọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí àmì kan wà, kó sì hàn. Fún iṣẹ́ tòní, ẹ wá fọ́tò olóògbé tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá láti ẹ̀gbẹ́ kan náà tí ìmọ́lẹ̀ àwòrán yín ti ń wá. Bí kò bá sí, ẹ fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ara ògiri nínú yàrá tẹ́ ẹ̀ ń yà. Fọ́tò tí iná kámẹ́rà tàn sí láti iwájú kò ní gbà kí ojú náà bá tàwọn yòókù mu, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe é.

Ìwọ̀n

Àwọn tó ń ta nǹkan ayàwòrán ní London nígbà náà ní ìwọ̀n kánfáàsì tó ti di àṣà; 25 lórí 30 ínṣì àti 40 lórí 50 ínṣì wà lára èyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò. Àwòrán Andrews jẹ́ 69.8 sẹ̀ǹtímítà ní gíga àti 119.4 ní fífẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ oko wọn ni wọ́n fẹ́ fi hàn lápá kan tó pọ̀. Fún èèyàn márùn-ún sí méje nínú yàrá, 76 lórí 102 sẹ̀ǹtímítà ni a máa ń gbà yín nímọ̀ràn, kí fífẹ̀ jẹ́ 102.

Lórí kánfáàsì bẹ́ẹ̀, àgbà tó dúró kò gbọdọ̀ ga ju 38 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìyẹn ìdajì gíga kánfáàsì. Orí rẹ̀ á wá jẹ́ nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà láti àtàrí dé àgbọ̀n. Àgbà tó jókòó á jẹ́ 28 sí 30. Ọmọ ọdún márùn-ún á jẹ́ nǹkan bíi 24, orí rẹ̀ á sì jẹ́ 4. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sára ògiri. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí orí ọmọdé kéré jù, kó wá dà bí àgbàlagbà aràrá tó wọ aṣọ ọmọ.

Bí ẹ bá jẹ́ kí èèyàn ga ju ìdajì lọ, yàrá á fún, àwòrán náà á sì di àwòrán ojú lásán tí wọ́n ṣù pọ̀. Devis tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí wọ́n kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá ńlá tó tutù, ìyẹn sì ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kó má tíì gbìyànjú ìyẹn, nítorí ojú á kéré débi pé kò ní sí ibi tí ọwọ́ lè mú.

Ìlà ojú ni kẹ́ ẹ fà lẹ́yìn náà, ìyẹn ìlà tó dábùú kánfáàsì níbi tí ojú ẹni tó ń wò ga dé. Bí ẹni tó ń wò bá jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ga tó nǹkan bíi 120 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Lára àgbà tó ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà, ibẹ̀ bọ́ sí àyà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo àgbà tó dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan náà, ì báà wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìlà yìí gbọ́dọ̀ gé e láyà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn á kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gòkè, àmọ́ àyà rẹ̀ kò ní kúrò lójú ìlà. Ẹ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò lára olúkúlùkù. Níbi tí àyà kan bá ti yẹ̀ kúrò, ẹ ó rí ẹni tó ń léfòó tàbí ẹni tó wọlẹ̀.

Àpótí àti ọmọlangidi

Kò sí ẹbí tó lè jókòó pa pọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Àwọn ará London mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọmọlangidi onígi tí oríkèé rẹ̀ ń ká, tí wọ́n ń wọ aṣọ fún. A ka Devis sí ọ̀kan lára àwọn tó gbára lé e jù, ó sì hàn: àwọn èèyàn rẹ̀ gún régérégé, apá wọn le. Ohun èlò tó dára ni, àmọ́ bí a kò bá fi ara èèyàn gidi tún un ṣe, igi ló máa hàn.

Kó lè dúró fún yàrá inú àwòrán, ẹ wá páálí tàbí pákó kẹ́ ẹ kan án ní àpótí tó fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà, tó jìn tó 60, tó ga tó 55, kí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ gé fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, 15 lórí 25 sẹ̀ǹtímítà, kó sún mọ́ òkè. Ẹ fi ìwé aláwọ̀ eérú bo inú rẹ̀. Ẹ fa ìlà sílẹ̀ àpótí náà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-márùn, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀. Ọmọlangidi onígi tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, ló bá àpótí yìí mu. Fún ọmọdé, ẹ lo ti 20 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ sì fi amọ̀ fẹ orí rẹ̀.

Aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ fún wọn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá gé àǹkárá tàbí sátíìnì gidi sí ara ọmọlangidi, ìṣẹ́po rẹ̀ á tóbi jù, aṣọ ìyá ilé á wá dà bíi búláńkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ ẹlẹ́gẹ́ jù lọ ni kẹ́ ẹ lò, irú èyí tí èémí lásán lè gbé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sitáàṣì tó ṣàn bí omi, ẹ fún un, ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọlangidi nígbà tó ṣì tutù, kẹ́ ẹ fi ìka to ìṣẹ́po rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára. Á dúró bẹ́ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa parí.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn èèyàn. Ẹ má ya nǹkan kan fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ kàn máa sún wọn, kẹ́ ẹ máa fi fóònù yà wọ́n láti ibi tí ojú ẹni tó ń wò máa wà.

Bí a ṣe ń tò wọ́n

Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnìkan tó máa so wọ́n pọ̀. Àpẹẹrẹ tó dára jù tí a mọ̀ ni ìdílé Wollaston tí Hogarth yà ní 1730. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Apá kan ń mu tíì, apá kejì ń ta káàdì, baálé ilé sì dúró láàárín wọn. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo baálé náà, ẹ ó rí i pé àwòrán méjì tó yàtọ̀ ló kù.

Lórí ìwé lásán, ẹ ya àmì róbótó fún orí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí kálukú ń wò. Nínú èèyàn mẹ́fà, ẹnìkan ni kó máa wo ẹni tó wà níta àwòrán, ó pọ̀ jù kó jẹ́ méjì. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ máa wo ara wọn, tàbí kí wọ́n máa wo nǹkan kan náà. Orí tí ọfà kankan kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti di àjèjì nínú ẹbí, ẹbí náà á sì rí i kẹ́ ẹ tó rí i. A ti rí ibi tí ìyẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá.

Orí wọn kò gbọdọ̀ wà lójú ìlà kan. Ẹnìkan jókòó, ẹnìkan tẹ̀ síwájú, ọmọdé kúnlẹ̀ lórí ẹní. Àárín orí sí orí kò gbọdọ̀ dọ́gba. Níbi tí ara ẹnìkan bá ti bo tẹlòmíì, ẹ jẹ́ kó bò ó dáadáa. Ohun tó burú ni kí etí ẹnìkan kàn fara kan èjìká ẹnìkejì. Ojú kò ní mọ ẹni tó wà níwájú. Ní ti ọwọ́, èèyàn mẹ́fà ní méjìlá. Ẹ ya bíi mẹ́jọ, kẹ́ ẹ fi tábìlì, abẹ̀bẹ̀, àpò kóòtù àti ìyàwó tó jókòó níwájú bo mẹ́rin. Ọwọ́ tó bá hàn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́. Ọwọ́ tó kàn wà lórí itan lásán kò sọ nǹkan kan.

Nígbà náà, ipò hàn nínú ètò yìí. Baálé sábà máa ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ lára àga ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọmọkùnrin tó máa jogún sún mọ́ bàbá. Ẹ kò ní dandan láti tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n, torí pé ẹni tẹ́ ẹ bá fi sínú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n máa kà sí olórí.

Fún ẹbí tó pọ̀ gan-an, ẹ wo ìdílé Sharp tí Zoffany yà láàárín 1779 sí 1781, 115.6 lórí 125.7 sẹ̀ǹtímítà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣeré orin nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, tó ń jẹ́ Apollo, lórí odò Thames. Kò sí yàrá tó lè gba gbogbo wọn láì sọ wọ́n di ìlà gbọọrọ, ni Zoffany bá tò wọ́n sókè lórí ọkọ̀ náà. William tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ wà ní téńté, ó gbé fìlà sókè. Àwọn obìnrin àti ohun èlò orin wà láàárín. Ìlà tó bá gba orí wọn kọjá ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí òkè. Granville Sharp wà lára wọn, ẹni tó jà fún James Somerset, ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ní kóòtù ní 1772, tó sì wà nídìí bí wọ́n ṣe tẹ ibùdó àwọn ẹrú tó gbòmìnira dó sí Sierra Leone ní 1787. Freetown tó hù lágbègbè yẹn ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther dé ní 1822, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Sàró ti padà wá sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níwájú àwòrán yẹn ní London ní ìdí tó pọ̀ láti wò ó pẹ́.

Ìjókòó

Ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà á jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú márùnlélógójì ní ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọdé kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ fún un ní nǹkan tó máa mú dání. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, ní nǹkan bíi mítà méjì sí i, ní àkókò kan náà nínú ọjọ́. Bí ẹ bá ya ìyá ní àárọ̀ tí ẹ ya bàbá ní ìrọ̀lẹ́, òjìji imú wọn kò ní bá ara wọn mu.

Ẹ ya orí náà sórí ìwé aláwọ̀ eérú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì dúdú àti funfun, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ má yà á tóbi kẹ́ ẹ tó dín in kù. Ohun tí ojú tó tóbi gbà, irun ìpéǹpéjú, ìlà ètè, kò wọ inú ojú kékeré. Bí ẹ bá fi tipátipá kó o wọ̀ ọ́, á le koko. Nínú orí tó jẹ́ 5 sẹ̀ǹtímítà, ojú kan fẹ̀ tó 6 sí 7 mílímítà péré. Ohun tó máa ń gbà kò ju mẹ́rin lọ: òjìji abẹ́ ìpéǹpéjú òkè, dúdú ẹyinjú, funfun rẹ̀ tẹ́ ẹ po mọ́ eérú, àti ìmọ́lẹ̀ kan tó tó orí abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà lápá ibi tí fèrèsé wà nínú ojú méjèèjì. Ètè kò nílò ìlà láàárín. Òjìji ètè òkè àti òjìji abẹ́ ètè ìsàlẹ̀ ti tó. Ojú ẹni tó ń wò á parí ìyókù. Bí ìkángun ẹnu bá yẹ̀ ní mílímítà kan, ẹni náà ti di ẹlòmíì.

Kánfáàsì àti ọ̀dà

Ọ̀gbọ̀ tí òwú rẹ̀ kéré ni kẹ́ ẹ rà, òwú 18 sí 20 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Èyí tí òwú rẹ̀ tóbi á gbé ojú 6 mílímítà mì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é bíi ti àtijọ́, ẹ fi giramu 70 gúlù awọ ehoro sínú lítà omi kan di ọjọ́ kejì, ẹ fi iná díẹ̀ yọ́ ọ láì jẹ́ kó hó, kẹ́ ẹ fi ra á lẹ́ẹ̀kan. Bó bá hó, agbára rẹ̀ á lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹ́sò òde òní, ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń múra kánfáàsì sílẹ̀ de ọ̀dà, dára: ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa fi sáńpépà onírun kékeré pa á lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan títí á fi máa dán.

Kánfáàsì funfun kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ po funfun mẹ́fà, yellow ochre (ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè bí amọ̀) kan, àti dúdú ìdajì, kẹ́ ẹ fi tọ́pẹ́ńtáìnì yọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi kùn ún. Á di eérú tó móoru díẹ̀. Lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji jọ máa hàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Fún ẹbí aláwọ̀ dúdú, ẹ fi burnt umber (ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn) kún un kó túbọ̀ dúdú.

Ọ̀dà tẹ́ ẹ nílò kò pọ̀: funfun títáníọ́mù, yellow ochre, light red, cadmium red, quinacridone fún pupa tó tutù, raw umber, burnt umber, ivory black àti Prussian blue. Funfun tí àwọn ará àtijọ́ ń lò, òjé ni wọ́n fi ṣe é, ó sì lóró. Ẹ má ṣe wá a kiri. Prussian blue jẹ́ ọ̀dà tuntun nígbà náà, Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn. Díẹ̀ ló ń tó: èyí tó tó ẹyọ ìrẹsì kan á yí funfun tó kún ṣíbí padà.

Ẹ kọ́kọ́ fi umber, dúdú àti funfun ya gbogbo rẹ̀, tọ́pẹ́ńtáìnì nìkan ni kẹ́ ẹ fi yọ́ ọ. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá bó bá jẹ́ àkókò òjò. Ìpele kejì gba àwọ̀ gidi, pẹ̀lú òróró línsíìdì díẹ̀. Ìpele ìkẹyìn ló gba òróró jù. Ẹ má yí ètò yìí padà. Ọ̀dà tó lọ́ràá máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bó bá wà nísàlẹ̀, èyí tó wà lókè á ti gbẹ, á sì le nígbà tí tìsàlẹ̀ ṣì ń mì, á wá sán.

Fún ara òyìnbó, funfun, ochre àti light red ló ń ṣe ibi ìmọ́lẹ̀. Dúdú díẹ̀ nínú funfun á fún yín ní eérú tó jọ búlúù fún ẹ̀gbẹ́ iwájú orí àti àgbọ̀n. Fún ara dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti burnt umber àti light red. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, ó mú, ó sì tutù; búlúù bíńtín máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi funfun nìkan tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ara á di eléérú bí ẹni tí kò fi ìpara para.

Aṣọ

Èyí ni oníbàárà máa wò lẹ́yìn ojú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán London kì í yà á fúnra wọn. Joseph van Aken, tó kú ní 1749, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé aṣọ fún láti bá wọn yà. Bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ tó mọ aṣọ ju ojú lọ, kò sí ìtìjú nínú kó ṣe é.

Sátíìnì gba ìpele àwọ̀ márùn-ún. Ẹ wo apá ìyá ilé níbi tí ìgúnpá ti ká. Àwọ̀ aṣọ gangan wà ní ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́po, ó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, láì rọra. Nínú òjìji yẹn, ìmọ́lẹ̀ míì tún wà tó ta padà láti ara tábìlì tàbí ẹní, ó sì gba àwọ̀ ohun tó ti ara rẹ̀ wá. Lórí téńté ìṣẹ́po ni ìmọ́lẹ̀ tó mú bí abẹ, tóóró, etí kan rẹ̀ gé, etí kejì rọ̀. Ẹ fi èyí síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 2, kẹ́ ẹ má padà sí i. Bí ẹ bá fọwọ́ rà á, sátíìnì á di òwú.

Àrán yàtọ̀ pátápátá: ibi tó kọjú sí yín ló ṣókùnkùn, etí rẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀. Ní ti léèsì, ẹ má ya òwú rẹ̀. Ẹ kun eérú fẹ́lẹ́ síbẹ̀, ẹ fi àwọ̀ tó ṣókùnkùn kan ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi funfun tó nípọn tò sí etí rẹ̀ nìkan.

Yàrá àti ohun inú rẹ̀

Yàrá inú ọ̀pọ̀ àwòrán Devis kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ó hùmọ̀ wọn ni. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ohun mẹ́ta jẹ́ tẹbí náà gan-an: àga kan, nǹkan orí tábìlì kan, àti ohun tí fèrèsé ń fi hàn. Ìlà pákó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ forí lé ojú kan lórí ìlà ojú tẹ́ ẹ ti fà. Ẹ kan ìṣó síbẹ̀, kẹ́ ẹ so òwú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa fi fa ìlà.

Ohun olówó lè kún àwòrán títí èèyàn á fi sọnù. Ẹ wo ìdílé Strode tí Hogarth yà ní nǹkan bí 1738: tábìlì tíì, ìwé àti àwòrán ara ògiri, ajá méjì, kò sí ohun tó ń pariwo.

Àwọn kan tún wà nínú àwòrán ayé ìgbà náà tí wọ́n fi ṣe ohun ọrọ̀. Nínú àwòrán Elihu Yale, oníṣòwò olówó kan, àti àwọn èèyàn rẹ̀, ti nǹkan bí 1719, ọmọdékùnrin dúdú kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wáìnì, ẹ̀wọ̀n ọrùn fàdákà lọ́rùn rẹ̀. A mọ orúkọ olówó ibẹ̀, a kò mọ ti ọmọ náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú àwòrán yín, ì báà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí awakọ̀, ẹ jẹ́ kó wá jókòó, ẹ ya orí rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ya ti baálé, kẹ́ ẹ sì fún un ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹ fi pẹ́nsùlù kọ orúkọ gbogbo wọn, pẹ̀lú ọdún, sára igi ẹ̀yìn kánfáàsì, kẹ́ ẹ ya àmì orí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà.

Lẹ́yìn tó parí

Ibì kan lè má dán tó ìyókù mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì; òróró ibẹ̀ ti wọlẹ̀ ni. Ẹ fi fánííṣì fẹ́lẹ́ ìgbà díẹ̀ nù ún, á padà. Fánííṣì gidi kò gbọdọ̀ kàn án kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ẹ má fi bitumen, ohun dúdú bí ọ̀dà ojú títì, ṣe òjìji kó lè jinlẹ̀, ẹ má sì lo pupa tí wọ́n kò kọ ìwọ̀n ìfaradà oòrùn sára rẹ̀. Joshua Reynolds lo irú méjèèjì: àwọn ojú tó yà ṣá nígbà tó ṣì wà láàyè, òjìji rẹ̀ sì sán. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi ti Èkó, ẹ fi kọ́ọ̀kì kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn fírémù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ àti ògiri kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èbu á wá láti ẹ̀yìn. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí àárín rẹ̀ á ti wà ní mítà kan àbọ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwòrán tí orí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gbọ́dọ̀ wà níbi tí èèyàn lè sún mọ́ ọn.